Orí Kan, Ìlàjì Bíléèdì Kan

Mo fá orí ènìyàn títí ojú mi kò fi ríran dáadáa mọ́ kí n tó gbé abẹ sílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá wà níbi tí èrò pọ̀ sí, orí ni mo máa ń wò kí n tó wo ojú. Orí kan á rí róbótó bí ẹyin, òmíràn á ní kòtò lẹ́yìn, òmíràn á ní àpá tí ẹni tó ni ín gbà nígbà tó já bọ́ láti orí igi máńgòrò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo lẹ máa ṣe, tí àwọn òbí yín ń dárúkọ báńkì àti ilé iṣẹ́ epo sí létí lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni mo ṣe, ó sì dùn mọ́ mi. Bí wọ́n bá sọ mí di ọ̀dọ́ padà lọ́la, òun náà ni n ó tún ṣe, àfi pé n ó tètè ra awò ojú.

Mo ka ìwé girama parí. Bàbá mi fẹ́ kí n di akọ̀wé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé kò yá, ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá mú mi lọ bá Bàbá Jìnádù, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Agége. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń fún mi kò gba àlàyé. Oúnjẹ ọ̀sán ni, àti owó ọkọ̀ nígbà tí inú wọn bá dùn.

Bàbá Jìnádù ga, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í rẹ́rìn-ín níwájú oníbàárà. Nítorí pé mo ka girama, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí.

“Tíṣà, kí ni ìwé sọ nípa awọ tí a fi ń pọ́n abẹ?”

“Ìwé ò sọ nǹkan kan, sà.”

“Ó dáa. Wá gbọ́ tèmi.”

Fún ìgbà pípẹ́, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Omi ni mò ń gbé ka sítóòfù, aṣọ ìnura ni mò ń sá sóòrùn, abẹ ni mò ń fà lórí awọ títí yóò fi mú. Nígbà tó yá, Ọ̀gá fẹ́ atẹ́gùn sínú bàlúùnù, wọ́n kun ìhó ọṣẹ sí i lára, wọ́n ní kí n fá ọṣẹ náà kúrò láì jẹ́ kí bàlúùnù bẹ́. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò nílé yín. Bó bá ti bẹ́ báyìí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pariwo pé, “Tíṣà ti pààyàn o!” Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì ọ̀nà á na ọrùn, á béèrè pé, “Ta ló tún kú níbẹ̀ yẹn?” Mo pa wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ mi fi rọ̀. Ọjọ́ tí mo fá bàlúùnù kan mọ́ láì bẹ́, Ọ̀gá kò yìn mí. Wọ́n kàn jókòó sórí àga oníbàárà, wọ́n sì ní kí n wá fá orí àwọn.

Abẹ ńlá tí à ń pọ́n ni a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bíléèdì kún ìgboro, Ọ̀gá ra abẹ tuntun tó ní ẹnu tí a lè ki bíléèdì bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á ṣẹ́ bíléèdì sí méjì nínú bébà rẹ̀. Ìlàjì kan fún oníbàárà yìí, ìlàjì kejì fún ẹni tó kàn. Bí orí kan bá ti tán, ìlàjì tó fá a á wọ inú agolo mílíìkì, kò tún ní jáde níbẹ̀ mọ́. Ìlàjì kan kò fá orí méjì rí nínú ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wá fárí kí wọ́n tó lọ kírun. Ọ̀gá fá àbúrò tán, ni bíléèdì bá tán nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájì, sì ti kun ọṣẹ sórí, àkókò ìrun ń lọ.

“Bàbá, ẹ fi èyí tí ẹ fi fá àbúrò mi yẹn fá a fún mi. Bàbá kan, ìyá kan ló bí wa. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá.”

“Ẹ̀jẹ̀ kan náà, orí méjì,” ni Ọ̀gá wí. “Tíṣà, sáré!”

Mo sáré dé inú ọjà, mo sáré padà. Kí n tó dé, ìhó ọṣẹ ti gbẹ mọ́ Àlájì lórí bí ẹfun, gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àgbà àtọmọdé, ń fi wọ́n ṣẹ̀rín. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣẹ́ bíléèdì, wọ́n ki ìlàjì kan bọnú abẹ, wọ́n ní, “Ohun tó bá ti gé ara ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gé ara ẹlòmíì. Ẹ dákun, Àlájì, ẹ tẹ orí.”

Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó gbọ́ orúkọ éèdì. Làpálàpá àti èéwo ni Ọ̀gá mi ń sá fún.

Nígbà tí Ọ̀gá tú mi sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí ọ̀nà tó lọ sí Ọgbà, mo fẹ́yàwó, a bí ọmọbìnrin kan, Sìdí. Baba tí ẹ̀rù máa ń bà ni mí, mi ò sẹ́. Ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ yá ìyarun ọmọlọ́mọ lò, ife tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀ nílé ìwé, ẹ ó ti rí mi lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Oregun bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró. Ẹni tó máa ń fárí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wá ń fá a lóṣooṣù. Bíléèdì gbówó lórí, àwọn onígbàjámọ̀ kan sì ń fi ìlàjì kan fá orí títí kò fi ní lè gé bọ́tà mọ́. Ìgbà yẹn náà ni gbáná, oògùn olóró, wọ àdúgbò. Àwọn kan ń fà á símú, àwọn kan ń mu ún bíi sìgá, àwọn mìíràn ń pò ó mọ́ omi, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un sínú iṣan. Abẹ́rẹ́ kan lè yí gbogbo ẹgbẹ́ ká. Rédíò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa éèdì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ kiri.

Ìjọba ológun kò ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ gbọọrọ. Wọ́n gba ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti ṣófo ní Oregun, wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, wọ́n ń kó àwọn tó ń lo gbáná sínú rẹ̀, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Ilé Àtúnṣe ni a ń pè é. Sójà lè kó ọ láti ẹ̀bá ojú irin, ìyá rẹ sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ fà ọ́ wá. Òfin ibẹ̀ ni pé kí wọ́n fá orí ẹni tuntun kodoro, kí gbogbo ayé lè dá a mọ̀ bó bá sá jáde. Wọ́n wá onígbàjámọ̀, wọ́n sì mú mi.

Ìyá Sìdí kò fẹ́. “Bàbá Sìdí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi omi gbígbóná ṣan ife kí ọmọ yín tó mumi, ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ máa fá orí àwọn tó ń gún gbáná?”

“Iṣẹ́ ni.”

“Ẹ má gbé e wá ilé o.”

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Múfú. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá, ó di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Ìdí ẹ̀rọ ni Múfú ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan kí wọ́n tó dá a dúró. Ó ti rù, àpá abẹ́rẹ́ sì tò lọ sí apá rẹ̀. Bó ṣe jókòó síwájú mi ló wo ọwọ́ mi.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé tuntun ni bíléèdì yẹn?”

Ẹnu yà mí. “Ìwọ tó ń gún ara ẹ lábẹ́rẹ́ ló ń bi mí?”

“Abẹ́rẹ́ tèmi, tèmi ni, sà. Mi ò fi yá ẹnikẹ́ni, mi ò sì gba tẹnikẹ́ni.”

Ọkùnrin tó tò tẹ̀lé e bú sẹ́rìn-ín. Láyí lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ Múfú ni, wọ́n jọ ń gún un ni. “Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Tèmi-Ni là ń pè é nídìí ojú irin. Ahun ni! Kí ara máa gbọ̀n án tẹ́ ẹ lọ́rùn ju kó lo abẹ́rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ.”

Mo ṣẹ́ bíléèdì níwájú àwọn méjèèjì, mo fi ìlàjì kan fá Múfú, mo fi èkejì fá Láyí.

Kò sí oògùn fún ìnira wọn nínú ilé náà. Wọ́n ń bì, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n lórí sìmẹ́ńtì, sójà á sì ní kí wọ́n dìde kọrin. Múfú sọ fún mi pé àwọn kan fi abẹ́rẹ́ kan pamọ́ sínú ọṣẹ, ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Mi ò lè sọ ọ́ fún sójà, nínà ni wọ́n máa kàn nà wọ́n, abẹ́rẹ́ á sì wọ inú ọṣẹ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá di orí rẹ̀ mú kò lè dìde lọ. Nítorí náà, bí mo bá ń fá wọn, mo máa ń rọra sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá mi sí wọn létí, pé ohun tó bá ti gé ara ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gé ara ẹlòmíì, abẹ ni o, abẹ́rẹ́ ni o.

“Bàbá, ìwàásù yín ti pọ̀ ju ti lèmọ́mù lọ,” ni Láyí máa ń wí.

“Tẹ orí.”

Ọjọ́ tó burú jù nínú iṣẹ́ mi ni ọjọ́ tí wọ́n ní ọ̀gá ológun ńlá kan ń bọ̀ wá wo Ilé Àtúnṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tú ènìyàn púpọ̀ sílẹ̀ fún wa. Bíléèdì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, yàrá ẹrù kò sì ní ọ̀kankan. Kọmandáǹtì, sójà tó ń darí ilé náà, di agbòòrùn mú lọ́wọ́ kan, ó wo aago.

“Fá gbogbo wọn kí ọ̀gá tó dé.”

“Bíléèdì kan ló kù, sà. Orí méjì ló lè fá.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé bíléèdì sọ fún ẹ pé ó ti rẹ òun ni?”

“Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, sà. Bí éèdì bá wà lára ẹnì kan nínú wọn, èmi ni n ó pín in fún gbogbo wọn.”

“Dókítà ti dé! Ẹ wá wo dókítà onígbàjámọ̀!” Ó ní kí n fọwọ́ méjèèjì di etí mú, kí n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí àgbàlá ká.

Bàbá ọlọ́mọ ni mí, mo sì fò. Bí mo ṣe ń fò ni mò ń ro Sìdí. Bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ta ni yóò lọ dúró dè é lójú ọ̀nà? Kọ́púrà kan nínú àwọn sójà gbé abẹ mi, ó ní kí n máa fò lọ, òun á fá wọn. Ó fá ẹnì kan, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí ọ̀gbẹ́ni náà létí, ó sì pe ẹnì kejì láì yọ bíléèdì. Ni Múfú bá dìde láàárín àwọn tó jókòó sílẹ̀.

“Kọmandáǹtì, ẹ forí jì mí, sà. Kílípà ọlọ́wọ́ kan wà nínú yàrá ẹrù. Mo rí i nígbà tí mò ń gbálẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ ló já. Mo lè tún un ṣe kí omi tó hó. Irun nìkan ló ń gé, kì í gé awọ orí bíi bíléèdì.”

“Kí lo máa fi ṣe sípíríǹgì?”

Múfú tẹjú mọ́lẹ̀. “Irin agbòòrùn yín ni, sà.”

Kọmandáǹtì wo agbòòrùn rẹ̀, ó wo aago, ó wo Múfú. Ó na agbòòrùn náà sí i.

Mi ò tíì rí ọwọ́ tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ká irin náà, ó fi òkúta lù ú, ó dán kílípà wò lórí irun apá ara rẹ̀, ó ní ó ti yá. Bí mo bá ti gé irun orí kan tán, n ó ri ẹnu kílípà bọ inú omi tó ń hó, n ó fi sípíríìtì nù ún, kí n tó pe ẹni tó kàn. Mo ń sáré, sípíríǹgì náà sì ń ta, kò sí orí kan tó dọ́gba nínú wọn. Àwọn fúnra wọn wo ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọ̀gá ńlá dé, ó dúró níwájú wọn, ó wò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ṣé ewúrẹ́ lẹ fi jẹ irun wọn ni?”

“Sítáì tuntun ni, sà!” ni Kọmandáǹtì dáhùn.

Ọ̀gá ńlá rẹ́rìn-ín títí tó fi wọ mọ́tò rẹ̀. Agbòòrùn Kọmandáǹtì kò ṣí dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fún mi ní bíléèdì tó tó orí tó wà nílẹ̀.

Láyí kò jáde níbẹ̀ láàyè. Àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, ó rù títí, wọ́n ní éèdì ni, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì í mọ́ àfi Múfú. Mo ń fá a bí mo ṣe ń fá àwọn yòókù, ìlàjì tirẹ̀, aṣọ ọrùn tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Bàbá, ẹ fá a kó dán o. Ìyá mi ń bọ̀.” Mo fá a, mo fi òróró pa á, mo gbé dígí fún un. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mo ṣì rẹwà.” Òótọ́ ni, ó rẹwà.

Nígbà tí wọ́n tú Múfú sílẹ̀, ó tún padà sídìí gbáná lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló wò ó sàn. Iṣẹ́ ló ràn án lọ́wọ́, àti ẹni tó ń retí rẹ̀ láràárọ̀. Mo fún un ní igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń tún kílípà ṣe níbẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni kílípà oníná dé, tí àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ kodoro mọ́, tí wọ́n ń fẹ́ irun tó dúró lókè bí àpótí. Bí iná bá lọ nígbà tí a gé irun dé ìdajì, oníbàárà á jókòó, á máa bẹ NEPA bí ẹni ń gbàdúrà. Láti Agége dé Ọgbà, kò sí onígbàjámọ̀ tí kò mọ Múfú. Òun náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà pé kí oníkálukú ra kílípà tirẹ̀, kó máa gbé e bọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń kó kílípà wá nínú àpò bí ẹni ń lọ sóko.

Sìdí ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi. Ó ti parí ìwé mẹ́wàá, ó ń kọ́ aṣọ rírán. Mo ṣàkíyèsí pé ẹran inú abọ́ Múfú ti ń pọ̀ ju tèmi lọ. Kí n tó la ẹnu, Sìdí ti kúnlẹ̀, Múfú ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ ara àwọn.

Mo fẹ́ràn Múfú bí ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Sìdí ni ọmọ mi. Láyí ni mo rí níwájú mi, bó ṣe rù. Mo ní, “Mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.”

“A ó lọ, Bàbá,” ni Sìdí wí. “Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi? Ṣé èmi náà fẹ́ gbéyàwó ni?”

“Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ilé Àtúnṣe jù? Bíléèdì mélòó ló ti gé yín níka?”

Ìyá Sìdí bú sẹ́rìn-ín látinú ilé. Èmi wo àwọn ìka mi. Àpá wà lára gbogbo wọn.

Bí àwa mẹ́ta ṣe lọ sí ọsibítù ní Ìkẹjà nìyẹn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n ní ká padà wá gba èsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò lè jẹun dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ìyá Sìdí ní, “Ta gan-an ni ọkọ ìyàwó nínú ọ̀rọ̀ yìí?”

Lọ́jọ́ tí a padà lọ, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ń retí kí wọ́n pè wá. Sìdí lọ bu omi. Múfú rọra sún mọ́ mi.

“Bàbá, bó bá wà lára mi, mi ò ní fi dandan lé e pé kí Sìdí fẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Ta ló máa lé ẹ? Ta ló máa wá tún kílípà ṣe?” Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi, mo sì rí i pé ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn. “Bó bá wá wà lára tèmi ńkọ́?”

“Èmi ni n ó máa fá orí yín, sà. Bíléèdì tuntun. Ìlàjì tiyín.”

“Ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ ìlàjì yìí gan-an? Kí o tó mọ̀ mí lo ti ń bi mí bóyá tuntun ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, màámi mú mi wá fárí ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá kan nítòsí ojú irin. Àlájì kan jókòó síbẹ̀, ọṣẹ gbẹ mọ́ wọn lórí bí ẹfun. Mo rẹ́rìn-ín títí màámi fi gbá mi létí. Ohun tí Bàbá yẹn sọ lọ́jọ́ náà kò kúrò létí mi. Kódà nígbà tí gbáná ń dà mí láàmú, tí Láyí ń na abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sí mi, mo ṣì ń rí orí Àlájì yẹn.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì pè wá. Kò sí kòkòrò kankan lára àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní èmi ni mo pariwo jù. Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá, ọsibítù nibí o,” èmi sì dì mọ́ Múfú, mo ń pe Bàbá Jìnádù, ẹni tó ti kú tipẹ́.

Ọmọkùnrin ni àkọ́bí wọn. Jìnádù ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá Múfú gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀, gbogbo ojú wá yí sí mi pé kí n fá irun àkọ́kọ́. Mo gbé abẹ, ọwọ́ mi dúró gírí, ṣùgbọ́n ojú mi ń rí orí méjì níbi tí ẹyọ kan wà. Mo na abẹ sí Múfú.

Múfú tú bíléèdì nínú bébà, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó ki ìlàjì kan bọ̀ ọ́. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ẹni tó fà á wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sùn títí Múfú fi fá a tán. Orí rẹ̀ rí róbótó bí ẹyin.

Ìlàjì tó fá a wọ inú agolo. Mo ní, “Èkejì ńkọ́? Ṣé a ó fi ṣòfò ni?”

Múfú yí àga sí mi. “Ẹ jókòó, sà.” Ó bu omi sí mi lórí, ó kun ọṣẹ, mo gbọ́ bó ṣe ń ki ìlàjì kejì bọnú abẹ.

“Ẹ dákun, Bàbá, ẹ tẹ orí.”

Mo tẹ orí.